Bí A Ṣe Ń Pín Inú Kọ̀ǹpútà fún Olùdarí Méjì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ ti ka ìwé kìíní àti ìwé kejì wa parí. Ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí kì í ṣe ìwé a-b-d mọ́. Ìwé àwọn tó ti mọ̀ ọ́n kà ni, tí wọ́n sì fẹ́ fi ìwé kíkà ṣe nǹkan.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má ṣe wí pé, "Kí ló kàn mí níbẹ̀?" Ẹni tó bá ń gbé Ṣómólú tàbí Bàrígà mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ rìn gba òpópónà Bajulaiye, kí ẹ sì dé Shipeolu. Ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ẹ ó máa gbọ́. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè sí ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ilé ẹ̀kọ́, Ṣómólú ni wọ́n ti ń tẹ̀ wọ́n. Nígbà àtijọ́, lẹ́tà òjé ni àwọn atẹ̀wé ń tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lónìí, inú kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá dákú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò ní iṣẹ́ tí yóò ṣe. Ẹni tó ni ẹ̀rọ kò ní owó tí yóò mú relé.

1. OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ MI

Kí n tó kọ́ yín ní ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe tèmi.

Mo ní kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan. Inú rẹ̀ ni mo kọ orúkọ gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sí, àti máàkì wọn, àti ojú ewé ìwé kíkà tí mo ti ń kọ fún ọdún méjì. Lẹ́tà kan tún wà nínú rẹ̀. Màmá kan tó ń ta ẹja ní etí ọ̀sà Bàrígà ló kọ ọ́. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní ayé rẹ̀ ni. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ló kọ ọ́ sí. Kí ó tó fi ránṣẹ́, ó gbà pé kí n ya àwòrán rẹ̀, kí n lè fi sínú ìwé yìí fún yín láti kà.

Kọ̀ǹpútà mi wá ń lọ́ra bí ìgbín. Ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wí fún mi pé, "Ẹ̀yin sà, ẹ jẹ́ kí á fi Linux sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows. Yóò yá." Mo ní kò burú. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó yá, fóònù rẹ̀ dún, ó sì bọ́ síta lọ dáhùn. Bí ó ti jáde ni kọ̀ǹpútà bi mí ní ìbéèrè kan. Ìlà mẹ́ta ló wà lójú rẹ̀. Ojú ń kán mi. Mo tẹ ìlà tó wà lókè, mo sì tẹ "Install".

Ìlà tí mo tẹ̀ ni "Erase disk and install Ubuntu". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: nu gbogbo inú háàdì dísìkì nù pátápátá, kí o tó fi Ubuntu sí i.

Kí ọmọ náà tó wọlé, iṣẹ́ ọdún méjì ti lọ. Lẹ́tà màmá ẹlẹ́ja ti lọ. Èmi, hẹ́dímásítà àná, èmi tí mo ti fi ogún ọdún ó lé sọ fún ọmọdé pé, "Ka ìbéèrè kí o tó dáhùn," èmi ni n kò ka ìbéèrè.

Mo lọ bá màmá ní ìsọ̀ rẹ̀, mo sì rò fún un. Ó wò mí títí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má banú jẹ́. Ẹ fún mi ní bírò. N ó tún òmíràn kọ." Ó kọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ yẹn, kò sí ẹni tó lè tún un kọ. Àbámọ̀ ni í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Nítorí èyí ni mo ṣe kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa, tí mo sì fẹ́ fi yé yín.

2. HÁÀDÌ DÍSÌKÌ

Háàdì dísìkì ni àká kọ̀ǹpútà. Ohun gbogbo tí a bá fi pamọ́, ibẹ̀ ló ń gbé, yálà iná wà tàbí iná kò sí.

Ilé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1956. Ó tóbi tó fìríìjì ńlá méjì. Síbẹ̀, lẹ́tà mílíọ̀nù márùn-ún péré ló lè gbà. Ti òde òní kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Gíìgì ni a fi ń wọn àyè inú rẹ̀. Gíìgì kan tó lẹ́tà ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù. Bí háàdì dísìkì yín bá jẹ́ 500 gíìgì, ó gbà tó ìlọ́po 100,000 ti ọdún 1956. Ẹ ò rí i pé ayé ti lọ!

Ohun kan tún wà tí ó máa ń dààmú àwọn ènìyàn. Ẹ ó ra háàdì dísìkì 500 gíìgì, ṣùgbọ́n Windows yóò ní 465 ni òun rí. Kì í ṣe pé wọ́n rẹ́ yín jẹ. Ẹni tó ṣe é ń fi 1000 ka ìlọ́po kọ̀ọ̀kan, Windows sì ń fi 1024 kà á. Ìwọ̀n kan náà ni, kóńgò tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀.

3. OLÙDARÍ

Kọ̀ǹpútà kò lè dá iṣẹ́ ṣe. Ó ní ètò kan tí ó ń darí rẹ̀. Òun ni ó ń gba ohun tí a tẹ̀, òun ni ó ń gbé àwòrán sójú gíláàsì, òun ni ó ń fi iṣẹ́ pamọ́ sínú àká. Nínú ìwé yìí, olùdarí ni a ó máa pè é. Kọ̀ǹpútà tí kò ní olùdarí dà bí dánfó tí kò ní dírẹ́bà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè dára, táyà rẹ̀ lè jẹ́ tuntun, kò ní kúrò ní gárèjì.

Olùdarí tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ ni Windows, tí ilé iṣẹ́ Microsoft ṣe. Òmíràn ni Linux. Ní ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì ní ìlú Helsinki, ní orílẹ̀-èdè Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Linus Torvalds. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà náà. Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn fún gbogbo ayé, ó sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó, kí ó sì tún un ṣe. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dá owó lé e.

Oríṣi Linux pọ̀. Ubuntu jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ni ó dá a sílẹ̀, ó sì kọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004. Èdè àwọn ará gúúsù Áfíríkà ni orúkọ náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ súnmọ́ ohun tí àwa ń wí nígbà tí a bá ní, "Ènìyàn laṣọ mi."

4. KÍ NÌDÍ TÍ A FI Ń FẸ́ MÉJÌ?

Ẹnì kan lè bèèrè pé, "Ṣé ẹyọ kan kò tó ni?" Ìbéèrè tó dára ni. Bí ẹyọ kan bá tó yín, ẹ jókòó ti ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdí tí àwọn mìíràn fi ń fẹ́ méjì.

Ìdí kìíní: Windows 10 ti di arúgbó. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft fi òpin sí àtúnṣe tí wọ́n ń ṣe sí i fún gbogbo ènìyàn. Windows 11 ló gba ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n Windows 11 ń bèèrè àwọn ẹ̀yà kan tí kò sí nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí a ń rà ní Ìkẹjà. Linux ń bá púpọ̀ nínú wọn ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹni.

Ìdí kejì: kòkòrò kọ̀ǹpútà. Ní Ṣómólú, oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ń mú fíláàṣì tirẹ̀ wá. Láàárín ọjọ́ kan, fíláàṣì ogún lè wọ kọ̀ǹpútà kan. Púpọ̀ nínú kòkòrò tí ń bá fíláàṣì rìn, Windows ni wọ́n ṣe é fún. Bí a bá fi Linux ṣí fíláàṣì àjèjì, wọn kì í sábà rí nǹkan ṣe. N kò wí pé kòkòrò kò lè wọ Linux rárá o. Mo wí pé ó ṣọ̀wọ́n.

Ìdí kẹta: kíkọ Yorùbá. Nínú Linux, àtẹ lẹ́tà kan wà tí a pe orúkọ rẹ̀ ní Yoruba, tí ó ní ẹ, ọ àti ṣ nínú. Fún àwa tí a ń kọ ìwé kíkà, nǹkan pàtàkì ni.

Kí ló dé tí a kò wá lé Windows lọ pátápátá? Nítorí pé iṣẹ́ ń bẹ tí Windows nìkan ń ṣe. Púpọ̀ nínú àwọn ayàwòrán ìwé ní Ṣómólú ń lo CorelDRAW. Ètò náà ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, wọn kò ṣe é fún Linux mọ́. Ẹni tó bá lé Windows lọ, tí oníbàárà sì gbé iṣẹ́ CorelDRAW wá lọ́la ńkọ́? Owó ti fò lọ nìyẹn.

Nítorí náà, a fi méjèèjì sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: àwọn méjèèjì kì í ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Dánfó kan lè ní dírẹ́bà méjì, ọ̀kan ń wà á ní òní, èkejì ń wà á ní ọ̀la. Àwọn méjèèjì kò lè di sítíárìn mú pọ̀. Bí a bá fẹ́ kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sí èkejì, a óò pa kọ̀ǹpútà, a óò sì tún un tàn.

5. ÌPÍN ÀTI ÌWÉ ÀÀLÀ

Olùdarí kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe ń to ẹrù sínú àká. Ti Windows ń jẹ́ NTFS. Èyí tí Ubuntu ń lò jù ń jẹ́ ext4. Bí a bá da ẹrù wọn pọ̀ sí ibì kan, ìjà ni yóò dé. Ìdí nìyí tí a fi ń pín háàdì dísìkì.

Ẹ rò ó bí ilẹ̀ bàbá kan tí ọmọ méjì fẹ́ kọ́lé sí. Wọn kì í ru iyẹ̀pẹ̀ kúrò níbẹ̀. Wọn kì í dá ilẹ̀ tuntun. Wọ́n á pe awọnlẹ̀, yóò wọn ilẹ̀, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé pé: láti ibí dé ibí jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n, láti ibí dé ọ̀hún jẹ́ ti àbúrò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti kọ̀ǹpútà. Kò sí ògiri kankan nínú háàdì dísìkì. Ìwé ààlà ló wà, ní ìbẹ̀rẹ̀ háàdì dísìkì. Òun ló ń wí pé ìpín kan bẹ̀rẹ̀ ní nọ́ńbà báyìí, ó sì parí ní nọ́ńbà báyìí.

Ìwé ààlà ti àtijọ́, tí ó ń jẹ́ MBR, kò lè kọ ju ìpín pàtàkì mẹ́rin lọ. Ti tuntun, tí ó ń jẹ́ GPT, sábà máa ń gba ìpín 128, ó sì ń tọ́jú ẹ̀dà kejì ìwé náà sí òpin háàdì dísìkì. Bí ìwé ààlà bá bàjẹ́, ilẹ̀ kò sá lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ilé òun wà mọ́. Ẹ rí i pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ eré.

6. KÍ Ẹ TÓ BẸ̀RẸ̀

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ohun márùn-ún wà tí a gbọ́dọ̀ ṣe ṣáájú.

(i) Ẹ ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ yín. Ẹ kó gbogbo iṣẹ́ yín sí orí háàdì dísìkì mìíràn tàbí fíláàṣì ńlá. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láti rí i pé ó ṣí lóòótọ́. Ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí wò, a kò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀dà ni. Bí mo bá ṣe èyí nìkan ni, lẹ́tà màmá ì bá wà lónìí.

(ii) Ẹ wo ti iná. Bí iná bá lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà ń sún ààlà, ìwé ààlà tàbí ẹrù lè bàjẹ́. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ṣe rí ní Bàrígà. Bí ó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ kún, kí ẹ sì kì í bọ iná. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ lo ìnfátà tàbí bátìrì UPS. Ẹ má fi ọkàn tán iná ìjọba.

(iii) Ẹ bèèrè kọ́kọ́rọ́. Windows mìíràn ti ti háàdì dísìkì pa pẹ̀lú ohun tí a ń pè ní BitLocker. Bí ó bá fura pé nǹkan yí padà, yóò bèèrè kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48. Ẹ wá kọ́kọ́rọ́ náà rí nínú Windows kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ìṣọ̀rí mẹ́jọ ni, ìṣọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́fà. Ẹ fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ, kí ẹ sì kà á ṣàyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ kò ní pàdánù ilé rẹ̀ nítorí kọ́kọ́rọ́.

(iv) Ẹ pa "Fast Startup". Bí èyí bá wà, Windows kì í kú tán nígbà tí a bá pa á. Ó kàn ń tòògbé ni, kí ó lè tètè jí. Bí Linux bá fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀ nígbà tó ń tòògbé, ẹrù lè dàrú. Ẹ wọ "Control Panel", ẹ lọ sí "Power Options", ẹ tẹ "Choose what the power buttons do", ẹ sì yọ àmì kúrò níwájú rẹ̀.

(v) Ẹ wá fíláàṣì Ubuntu. Ẹ lo fíláàṣì gíìgì 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò parẹ́. Fífa Ubuntu sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ń jẹ dátà púpọ̀, nítorí náà ẹ bèèrè bóyá ẹnì kan ní àdúgbò ti ní in. Ẹ̀dà rẹ̀ kì í ṣe olè jíjà. Ẹni tó ṣe é ti gba gbogbo wa láàyè. Ètò kékeré kan tí ń jẹ́ Rufus ni a fi ń kọ ọ́ sórí fíláàṣì.

7. PÍPÍN GAN-AN

Ẹ jẹ́ kí a mú háàdì dísìkì 500 gíìgì, tí Windows ń pè ní 465. A fẹ́ pín in báyìí:

Windows: nǹkan bí 250
Ibi iṣẹ́ àjọlò: 150
Ubuntu: 65

Ẹ rò ó pọ̀: 250 àti 150 jẹ́ 400. Ẹ fi 65 lé e, ó di 465. Ó pé. Àwọn tó ṣe Ubuntu ní 25 gíìgì ni ẹ fún un, ó kéré tán. Àwa fún un ní 65 kí ó lè mí.

Kí ni ibi iṣẹ́ àjọlò? Linux lè ka ẹrù NTFS, ṣùgbọ́n Windows fúnra rẹ̀ kò lè ka ẹrù ext4. Nítorí náà, a fi ìpín kan sílẹ̀ ní NTFS, kí olùdarí méjèèjì lè máa dé ibẹ̀. Ó dà bí kànga àárín agboolé.

Ìgbésẹ̀ kìíní. Nínú Windows, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máùsì tẹ àmì "Start". Ẹ yan "Disk Management". Àwòrán háàdì dísìkì yóò jáde. Ẹ ó rí ìpín kékeré kan tàbí méjì tí ẹ kò mọ̀ rí. Ẹ má pa wọ́n rẹ́! Ọ̀kan nínú wọn, tí a kọ "EFI System Partition" sí, ni ẹnu ọ̀nà ilé. Bí ẹ bá pa á rẹ́, kọ̀ǹpútà kò ní mọ ibi tí yóò gbà wọlé.

Ìgbésẹ̀ kejì. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máùsì tẹ ìpín C. Ẹ yan "Shrink Volume". Yóò bèèrè iye tí ẹ fẹ́ gbà kúrò lọ́wọ́ Windows. Mẹ́gì ni yóò fi bèèrè, kì í ṣe gíìgì. Gíìgì kan jẹ́ mẹ́gì 1024. A fẹ́ 150 àti 65, èyí tí í ṣe 215. Ẹ sọ 215 di ìlọ́po 1024: ó jẹ́ 220,160. Ẹ kọ 220160 síbẹ̀ láìsí àmì kankan láàárín. Bí Windows bá ní òun kò lè fún yín tó bẹ́ẹ̀, ẹ má bá a jà. Ẹrù kan wà ní ìdí àká tí kò ṣe é sún. Ẹ gba èyí tó bá fún yín, kí ẹ sì tún ìpín yín rò.

Ìgbésẹ̀ kẹta. Ilẹ̀ òfìfo yóò hàn, pẹ̀lú ilà dúdú lórí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni "Unallocated". Ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, ẹ yan "New Simple Volume", ẹ kọ 153600. Èyí ni 150 gíìgì. Ẹ yan NTFS, kí ẹ sì pe orúkọ rẹ̀ ní ISE. Gíìgì 65 yòókù, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní òfìfo. Ti Ubuntu ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin. Ẹ ki fíláàṣì Ubuntu bọ kọ̀ǹpútà, ẹ pa á, ẹ tún un tàn. Bí ó ti ń tàn, ẹ máa tẹ bọ́tìnnì tí yóò jẹ́ kí ẹ yan fíláàṣì. Lórí ọ̀pọ̀ Dell àti Lenovo, F12 ni. Lórí ọ̀pọ̀ HP, F9 ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún. Ẹ yan "Try Ubuntu". Èyí dára púpọ̀. Orí fíláàṣì ni Ubuntu yóò ti ṣiṣẹ́, kò ní fọwọ́ kan háàdì dísìkì. Ẹ wò ó bóyá ó gbọ́ ohùn, bóyá ó rí íntánẹ́ẹ̀tì, bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín mọ̀ ọ́n. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ yọ fíláàṣì, ẹ padà sí Windows yín. Kò sí ohun tó bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tẹ "Install". Yóò bi yín ní ìbéèrè díẹ̀. Níkẹyìn, yóò dé ìbéèrè tó bà mí jẹ́. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò lára máùsì.

Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Install Ubuntu alongside" ni ẹ fẹ́. Ìtumọ̀ "alongside" ni: lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Erase disk" ni ẹ kò fẹ́. Ìtumọ̀ "erase" ni: nu nù, bí a ṣe ń nu pátákó ìkọ̀wé. Ẹ fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ náà bí a ṣe ń ṣe ní kíláàsì. Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ẹ tó gbà, kọ̀ǹpútà yóò to ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ ní ojú ewé kan. Ẹ wò ó bóyá àyè 65 yẹn ni ó fẹ́ lò. Bí ó bá dárúkọ àyè mìíràn, ẹ tẹ "Back", ẹ padà sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ń lé yín.

8. LẸ́YÌN IṢẸ́ NÁÀ

Nígbà tí ẹ bá tún kọ̀ǹpútà tàn, ojú dúdú kan yóò jáde pẹ̀lú orúkọ méjì: Ubuntu àti Windows. Ètò tó ń gbé e jáde ni GRUB. Ẹ fi ọfà orí kíbọ́ọ̀dù yan èyí tí ẹ fẹ́, ẹ tẹ "Enter". Bí ẹ kò bá yan nǹkan kan, yóò dúró díẹ̀, yóò sì wọ Ubuntu fúnra rẹ̀.

Ẹ lè rí i pé aago Windows fi wákàtí kan lọ sẹ́yìn. Kì í ṣe àìsàn. Windows gbà pé aago inú kọ̀ǹpútà jẹ́ aago Èkó. Linux gbà pé ó jẹ́ aago àgbáyé, èyí tí aago Èkó fi wákàtí kan ṣáájú. Bí kọ̀ǹpútà bá rí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tún aago náà tò.

Ìkìlọ̀ kan péré ló kù. Bí Ubuntu bá sú yín ní ọjọ́ kan, ẹ má kàn lọ pa ìpín rẹ̀ rẹ́. GRUB yóò máa wá ilé rẹ̀ kiri, kò ní rí i, kọ̀ǹpútà yóò sì dúró sójú dúdú. Windows kò kú, ṣùgbọ́n ẹ kò ní mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ó kọ́kọ́ dá ẹnu ọ̀nà padà fún Windows.

9. ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, n kò wí pé kí gbogbo yín lọ ra kọ̀ǹpútà lọ́la. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ilé ìtẹ̀wé, tàbí bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe é fún yín, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó bèèrè. Ẹ ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti ṣe ẹ̀dà? Ṣé bátìrì kún? Níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà?" Bí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ kí ó máa bá iṣẹ́ lọ. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ gba kọ̀ǹpútà yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi náà tún kọ̀ǹpútà mi pín lẹ́ẹ̀kejì. Mo tẹ̀lé gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí. Lórí rẹ̀ ni mo ti kọ ìwé tí ẹ ń kà yìí. Lẹ́tà kejì tí màmá ẹlẹ́ja kọ wà nínú ìpín ISE, ẹ̀dà rẹ̀ kan wà lórí fíláàṣì nílé mi, òmíràn sì wà lọ́wọ́ màmá fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo fi hàn án lójú kọ̀ǹpútà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, lẹ́tà kan ṣì ṣubú níbí yìí." Òótọ́ ni. Ó gba bírò, ó sì tún un ṣe.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni olùdarí ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà?
2. Kí ló dé tí olùdarí méjì kò lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà?
3. Dárúkọ ohun márùn-ún tí a gbọ́dọ̀ ṣe kí a tó pín háàdì dísìkì.
4. Gíìgì kan jẹ́ mẹ́gì mélòó? Mẹ́gì mélòó wà nínú gíìgì 10?
5. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín "alongside" àti "erase"?
6. Kọ lẹ́tà kúkúrú sí ọ̀rẹ́ rẹ tó ní kọ̀ǹpútà. Sọ fún un ìdí tí ó fi yẹ kí ó ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀. Ṣe ẹ̀dà lẹ́tà náà kí o tó fi ránṣẹ́.